Máìlì kọ́ ló ń pa ọkọ̀: ohun tí ojú mi rí nínú ríra Sienna àgbà fún ìdílé

(Ohùn márùn-ún, tí a kọ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn ò gbé ohùn)

Ohùn kìíní

   

Mo gbọ́ ìbéèrè tí àbúrò wa tó ń ta bàtà béèrè lánàá. Ó ní òun rí Sienna kan, 2005, òun fẹ́ fi gbé ìdílé. Àwọn ọmọ ti di mẹ́rin, wọn ò gba inú Corolla mọ́. Ṣùgbọ́n òǹkà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ti dé 190,000, ẹ̀rù sì ń bà á. Ọ̀pọ̀ yín dá a lóhùn pé kó sá. Àwọn kan ní kó wá èyí tí kò tíì pé 100,000.

Ẹ má bínú, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mi ò fara mọ́ ọn. Mo ti ra Sienna méjì láyé mi. Èyí tí òǹkà rẹ̀ kéré ni ojú mi fi rí màbo. Èyí tí òǹkà rẹ̀ pọ̀ ló ń gbé ìyàwó mi àti àwọn ọmọ mi títí di òní yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, kí n sì sọ ohun tí èèyàn máa wò kó tó yọ owó lápò.

Àkọ́kọ́ ná, ẹ wò ó bóyá máìlì ló ń kà àbí kìlómítà. Ọkọ̀ tó bá ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ni. Tó bá ti Kánádà wá, kìlómítà ni. Máìlì kan jẹ́ kìlómítà 1.6. Nítorí náà, 290,000 lójú ọkọ̀ Kánádà àti 180,000 lójú ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ọgbọọgba ni wọ́n. Mo mọ ẹnì kan tó sá fún ti Kánádà nítorí òǹkà tó rí, tó wá lọ ra ti Amẹ́ríkà tó ti rìn jù ú lọ. Ó ń yọ̀ pé òun rí ọkọ̀ tí kò rìn.

Ohùn kejì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àkọ́kọ́.

Sienna 2004 ni. Òǹkà rẹ̀ jẹ́ 98,000 máìlì. Ẹni tó tà á fún mi ní tòkunbọ̀ tó ṣì tutù ni, pé ìyá arúgbó kan ló ń fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì l'Amẹ́ríkà. Ara rẹ̀ ń dán, ìjókòó mọ́ tónítóní. Mo gba owó àjọ mi, mo fi owó ọjà kún un, mo kó gbogbo rẹ̀ fún un. Kọ́bọ̀ ò kù nílé. Inú mi dùn débi pé mi ò béèrè nǹkan kan.

Kò pé oṣù mẹ́rin, ìyá mi kú l'Ọ̀fà. Ẹ mọ̀ pé a kì í pẹ́ sìnkú nínú ẹ̀sìn tiwa, nítorí náà ìsìnkú ti kọjá mi. Mo wá sọ pé ti fídáù ọjọ́ kẹjọ, kò ní ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo kó ìyàwó mi, àwọn ọmọ mẹ́rin, àti ìyá ìyàwó mi sínú ọkọ̀. A kúrò ní Sabon Gari lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ keje. A gba Kaduna, a gba Abuja, a kọjá Lokoja. Ọkọ̀ ń lọ geere.

A ti kọjá Obajana, à ń lọ sí Kabba, ni ẹ́ńjìnnì kú. Kò pariwo, kò rú èéfín. Ó kàn kú bí ìgbà tí wọ́n pa iná. Mo ṣí kọ́kọ́rọ́, ó ń yí ṣùgbọ́n kò dá lóhùn. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ojú ọ̀nà báyìí kì í ṣe ibi tí à ń dúró sí lálẹ́. Àbíkẹ́yìn mi ń sunkún, ìyá ìyàwó mi ń ka àdúà, èmi ń na ọwọ́ sí gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá. Awakọ̀ tírélà sìmẹ́ǹtì kan ló ṣàánú wa, ó gbé àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ dé Kabba. Èmi dúró ti ọkọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mi ò ní sọ bí òru yẹn ṣe rí fún mi.

Nígbà tí mo máa fi dé Ọ̀fà lọ́jọ́ kejì, àwọn àáfà ti lọ. Wọ́n ń ká àga, wọ́n ń tú kánópì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn bu oúnjẹ fún mi.

Kí ló pa ọkọ̀? Bẹ́líìtì kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní timing belt. Rọ́bà ni. Òun ló so òkè ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, tí fáàfù fi ń ṣí tó sì ń pa dé lásìkò tí písítìnì ń lọ sókè sódò. Toyota ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní máìlì 90,000, ìyẹn bíi kìlómítà 145,000. Tó bá já nínú irú ẹ́ńjìnnì yẹn, písítìnì á gbá fáàfù, fáàfù á tẹ̀. Bí tèmi ṣe rí nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì mìíràn ni mo rà. Ọjà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ni mo tà láìjèrè kí n tó rówó rẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó wà l'Amẹ́ríkà fi nọ́ńbà ṣáàsì ọkọ̀ náà wo ìtàn rẹ̀. Ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó kó o wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ti rin 171,000. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: 98,000 tí mo rí, irọ́ ni. Wọ́n ti dá òǹkà padà sẹ́yìn. Bẹ́líìtì yẹn ti yẹ ní pípààrọ̀ tipẹ́, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ohùn kẹta

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ mọ ẹ́ńjìnnì tí ẹ fẹ́ rà. Sienna 1998 sí 2003, lítà 3.0 ni, ó ní timing belt. Tí wọn ò bá pààrọ̀ ọ́ìlì ìyẹn lásìkò, ọ́ìlì inú rẹ̀ máa ń dì bí ọ̀dà. 2004 sí 2006, lítà 3.3, òun náà ní timing belt. 2007 sí 2010, lítà 3.5, ṣéènì irin ló ní, kò sí bẹ́líìtì yẹn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ní tiẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ wọn, páìpù ọ́ìlì kan wà tó ní rọ́bà láàárín. Tí rọ́bà yẹn bá bẹ́, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ọ́ìlì ti tán nínú ẹ́ńjìnnì. Èyí tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀ ni kí mẹkáníìkì fi rọ́pò rẹ̀.

Ara Sienna 2004 àti ti 2010 jọra, nítorí náà ẹnì kan lè ta 2005 fún yín ní owó 2008. Ẹ ka nọ́ńbà ṣáàsì. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Ẹ ka á láti òsì, kí ẹ dúró sórí ìkẹwàá: 4 ni 2004, 5 ni 2005, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé 9. A ni 2010.

Ẹ lọ wò ó láàárọ̀ kùtù, kí ẹ má sọ fún oníǹkan pé kó gbé e jáde dè yín. Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti gbóná, ó ti sáná sí i kí ẹ tó dé, ẹ bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Tó bá funfun bí ògì, omi ti ń bá ọ́ìlì pàdé nínú, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Tó bá dúdú tó sì ki bí ọ̀dà, ẹni tó ni ín kò tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ṣáná, ẹ dúró sẹ́yìn. Èéfín aláwọ̀ búlúù, ó ń jẹ ọ́ìlì. Èéfín funfun tí kò lọ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbóná, omi ló ń jó.

Kí wọ́n tó ṣáná rárá, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, kí ẹ wo iná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná ẹ́ńjìnnì àti iná airbag gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti dìde. Tí èyíkéyìí nínú wọn ò bá tàn rárá, ẹ má dúpẹ́ o. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má baà rí àìsàn ọkọ̀.

Òǹkà lè parọ́, ẹsẹ̀ kì í parọ́. Ẹ wo rọ́bà ojú búréèkì, ẹ wo sítíárìn, ẹ wo etí ìjókòó awakọ̀. Ọkọ̀ tó ní òun rin 90,000 tí rọ́bà búréèkì rẹ̀ ti jẹ tán, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ẹ dùbúlẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Àwọn ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ l'Amẹ́ríkà àti Kánádà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì, iyọ̀ yẹn sì ń jẹ irin. Ní 2010, Toyota pe Sienna tí wọ́n ṣe láti 1998 dé 2010 padà fún àtúnṣe ní irú àwọn ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ìpata lè jẹ okùn irin tó gbé sípíà taya dúró lábẹ́ ọkọ̀, kí taya já bọ́ sójú títì. Ẹ wo okùn yẹn, ẹ wo páìpù búréèkì, ẹ wo irin tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè. Tí ẹ bá rí ẹrẹ̀ tàbí ìpata lábẹ́ ìjókòó, omíyalé ti gbé ọkọ̀ yẹn rí.

Ẹ wà á, ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tan ẹ́sì. Ẹ gun òkè tí ẹ bá rí òkè. Tí ẹ bá bọ́ sí D tàbí R, tó kọ́kọ́ dákẹ́ kó tó fà, tàbí tó ta yín bí ẹṣin, jíà ti ń ṣàìsàn. Ọwọ́ ìgbóná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ dúró láàárín, kó má mira.

Kí ẹ wá ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe. Ẹ fi ẹlòmíràn sí ìdí sítíárìn, kí ẹ̀yin lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, níbi tí àwọn ọmọ yín máa jókòó sí. Ṣé ẹ́sì dé ibẹ̀? Ní Kano níbí, ní oṣù kẹrin, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́. Ṣé gbogbo bẹ́líìtì ìjókòó ń há? Ṣé ilẹ̀kùn tó ń fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣí láti inú àti láti ìta, lọ́tùn-ún àti lósì? Èyí tó ń lo iná mọ̀nàmọ́ná, okùn rẹ̀ máa ń já. Ilẹ̀kùn tí ọmọ ò lè ṣí nígbà tí iná bá sọ, ẹ ò gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀.

Ohùn kẹrin

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn kan ń ta ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí mo ń ṣe ti tẹ́lẹ̀, ẹ má bínú sí ariwo.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kù. Àwa tí a wà lókè níbí ló kàn jù. Láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò gba bodè orí ilẹ̀ wọlé. Ibùdókọ̀ ojú omi nìkan ni ọ̀nà tó bófin mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé mọ́tò ṣì ń gba bodè orí ilẹ̀ wọ Katsina àti Kano. Owó rẹ̀ máa ń dín, ìdí nìyẹn tí ojú wa fi ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá kó ìdílé sínú rẹ̀ tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sọ́nà ilé, tí kọ́sítọ́ọ̀mù dá yín dúró, tí kò sí ìwé owó bodè, wọ́n lágbára láti gbà á. Ẹni tó tà á fún yín ò ní sí níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù kí ẹ tó béèrè iye tó jálẹ̀. Nọ́ńbà ṣáàsì tó wà nínú ìwé gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú mu, àti èyí tó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Tí ẹyọ kan bá yàtọ̀, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ fún ajẹ́ńtì tí ẹ mọ̀ kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù fúnra wọn. Ẹ má gba ti ajẹ́ńtì tí ẹni tó ń tà á bá mú wá.

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà, ẹ rí i pé orúkọ ẹni tó ń tà á ló wà lórí ìwé ẹ̀rí pé òun ló ni ín. Kí ẹ kọ àdéhùn, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i, kí ẹ gba ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì lọ yí orúkọ padà ní ọ́fíìsì tó ń gba ìwé ọkọ̀. Ìnṣọ́ráǹsì ọkọ̀ aládàáni tó kéré jù, third party, 15,000 náírà ni láti oṣù kìíní 2023. Ẹ má ra bébà lásán lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìta. Ọjọ́ tí wàhálà bá dé ni ẹ máa mọ̀ pé bébà ni.

Ohùn karùn-ún

Mo fẹ́ parí rẹ̀ níbí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkọ̀ kejì.

Mo ta ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún kan, mo sì sọ òótọ́ fún ẹni tó rà á. Mo bẹ̀rẹ̀ àjọ lákọ̀tun. Ìyàwó mi ló ní lọ́tẹ̀ yìí, òun ló máa di owó mú. Ó pín in sí ọ̀nà mẹ́rin. Ó ní mẹ́ta ni ká fi ra ọkọ̀, ẹyọ kan ò gbọdọ̀ jáde nílé títí ọkọ̀ á fi wọlé. Mo jà, mo ní tí a bá fi gbogbo rẹ̀ kún un, a máa rí èyí tó tuntun jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní, "Bàbá Kẹ́hìndé, ṣé ẹ ti gbàgbé Kabba ni?" Mo dákẹ́.

Tíṣà kan tó fẹ̀yìn tì la rà á lọ́wọ́ rẹ̀, 2008. Òǹkà rẹ̀ 196,000 máìlì. Gbogbo ẹni tí mo fi hàn ló ní orí mi dàrú. Ṣùgbọ́n tíṣà yẹn ní ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀. Gbogbo ìgbà tó pààrọ̀ ọ́ìlì, ọjọ́ àti iye máìlì, ó kọ ọ́ síbẹ̀. Ìgbà tó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, ó wà níbẹ̀. Páìpù ọ́ìlì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ó ti fi onírin rọ́pò rẹ̀, rìsíìtì wà níbẹ̀. Ìwé yẹn ni mo rà, ọkọ̀ ló tẹ̀ lé e.

Ìdámẹ́rin owó tó kù nílé, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ la ná an. Taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́yìn DOT lára taya, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Taya tó dán tó sì ti gbó máa ń bẹ́ nínú oòrùn wa yìí. A ṣe ball joint, a fọ radíétọ̀, a pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti ti jíà. Lẹ́yìn náà, pọ́lọ́ọ̀gì. Mẹ́fà ni, mẹ́ta níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn. Àwọn tẹ̀yìn ṣòroó dé, wọ́n ní láti tú nǹkan kúrò lókè kí ọwọ́ tó wọlé. Àwọn mẹkáníìkì kan á pààrọ̀ tiwájú nìkan, wọ́n á gba owó mẹ́fà. Ẹ dúró tì wọ́n, kí ẹ ka èyí tí wọ́n yọ.

Epo ńkọ́? Mi ò ní tàn yín. Ẹ́ńjìnnì ńlá ni, ó ń mu. Tí ìdílé bá kún un tí ẹ tan ẹ́sì, ẹ fọkàn sí bíi lítà 11 sí 13 ní kìlómítà 100 lójú ọ̀nà jíjìn, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú sún-kẹrẹ. Ẹni tó fẹ́ máa fi lọ sọ́jà lójoojúmọ́, kó ro ìyẹn dáadáa. Ẹ̀yin oníṣòwò ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá wà nínú rẹ̀, ẹ má di báálù aṣọ lé wọn lẹ́yìn. Ọkọ̀ ìdílé kì í ṣe ọkọ̀ ẹrù.

Àbúrò mi oníbàtà, ìdáhùn mi rèé. Ti 2005 tí o rí, timing belt ló ní. Ní 190,000, ó yẹ kí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bi oníǹkan: ta ló pààrọ̀ rẹ̀, níbo, nígbà wo? Tó bá ní ẹ̀rí, tí ìwé bodè pé, tí o sì yẹ gbogbo èyí tó kù wò, rà á, má sá. Tí kò bá ní ẹ̀rí, kà á sí pé wọn ò ṣe é rí, yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ohun tí o máa san, kí o sì ṣe é kí ọkọ̀ tó kúrò láàárín ìgboro, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fa omi nítorí bẹ́líìtì yẹn kan náà ló ń yí i. Tí gbogbo owó rẹ bá tán lórí ríra rẹ̀, dúró ná. Máa gba àjọ kan sí i.

Ní iléyá tó kọjá, ọkọ̀ tíṣà yẹn gbé wa dé Ọ̀fà. Òǹkà rẹ̀ ti lé ní 230,000. Nígbà tí a kọjá ibi tí a ti dúró lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Ìyàwó mi kàn fọwọ́ kan ìwé kékeré tó wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Èmi ni mò ń kọ ọ́ báyìí.

 Ẹni tó bá ní ìbéèrè kó jù ú sílẹ̀, tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, màá dáhùn.